Àkèréyẹ, Ẹranko Tí Àǹtí Mọ́jí Dá

Ọdún tí mò ń rántí yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni omi wọlé bá wa kí òjò tó dá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ajégúnlẹ̀ là ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá kan tí márùn-ún kọjú sí márùn-ún, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó dúdú kirikiri sì là á láàárín. Bí èèyàn bá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà já, yóò bọ́ sí àgbàlá níbi tí kànga wà. Ilé ìdáná wà lápá ọ̀tún, ilé ìwẹ̀ àti ṣáláńgá wà lápá òsì, ògiri páànù wà lẹ́yìn wọn, lẹ́yìn ògiri páànù, àbàtà ló kù. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbẹ rí. Kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa ni ariwo ilé wa ti ń bẹ̀rẹ̀: korobá tó ń gbá ara kànga, ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, Bàbá Àlájì onílé tí wọ́n ń kírun ní yàrá iwájú, Màmá Téga tí wọ́n ń kọrin ìsìn ní yàrá tó kọjú sí tiwa, àti lókèèrè, fèrè ọkọ̀ òkun láti Àpápá, ohùn kan tó nípọn tó máa ń ṣe mí bíi pé màlúù ńlá kan ń sunkún lórí omi. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ irú fèrè bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ wá ìgbálẹ̀.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni bàbá mi ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Wíáhaòsì Róòdù. Àwọn ni wọ́n ń ka àpò tó wọlé àti àpò tó jáde. Bí wọ́n bá dé ní ìrọ̀lẹ́, eruku sìmẹ́ńtì á ti kún irun wọn, ìpéǹpéjú wọn á funfun, a ó sì máa sáré pàdé wọn. Èmi nìkan ni mo ń sáré dé ọ̀dọ̀ wọn o. Àǹtí Mọ́jí, ẹ̀gbọ́n mi, máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á kúnlẹ̀ lókèèrè, á ní, "Ẹ káàbọ̀, sà," á sì dúró títí wọn yóò fi wẹ̀ kí ó tó sún mọ́ wọn. Àìsàn ásímà ló ń bá a jà. Eruku díẹ̀, èéfín díẹ̀, òtútù díẹ̀, àyà rẹ̀ á há, ọ̀fun rẹ̀ á máa dún bíi fèrè ọmọdé. Tí ó bá dé sí i, á jókòó lórí àpótí, á na ọwọ́ méjèèjì mọ́ orúnkún, èjìká rẹ̀ á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Mo máa ń jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n máa bá a mí, bíi pé tí mo bá mí púpọ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹja ni màámi ń tà. Wọ́n á jáde ní ìdájí lọ sí ilé ẹja oníyìnyín ní Ìjọra, wọ́n á padà pẹ̀lú páálí tó ń jo omi lẹ́yìn wọn láti ojú ọ̀nà dé àgbàlá. Èmi àti Àǹtí Mọ́jí la máa ń ha ìpẹ́, tí a máa ń la ikùn, kí màámi tó dín in lọ sí ọjà. Ara ẹja ni ti oníbàárà. Orí ẹja ni tiwa. Bí ọdún ṣe gùn tó, ọbẹ̀ ilá àti orí ẹja, ẹ̀bà àti orí ẹja. Kò sí bí mo ṣe lè ráhùn tó tí màámi kò ní dá mi lóhùn pé, "Ẹni tó bá ń jẹ orí kò ní di ìrù." Àǹtí Mọ́jí kì í ráhùn. Òun fẹ́ràn ikùn ẹja ju bí ọmọbìnrin mìíràn ṣe fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Á gbé àpò atẹ́gùn funfun tó wà nínú ẹja sókè sí oòrùn, á ní, "Rónkẹ́, wò ó, èyí ni kì í jẹ́ kó rì." Á ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja, á fi ìka tọ́ ohun pupa tó tò bí eyín òòyà níbẹ̀, á ní ibẹ̀ ni ẹja ti ń mí. Lẹ́yìn náà á tẹjú mọ́ ọn. Mo rò nígbà náà pé ó ń wo ẹja ni. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìlara ló ń ṣe é.

Tíṣà báọ́lọ́jì Àǹtí Mọ́jí ti kọ́ wọn pé ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n pín àwọn ẹranko eléegun ẹ̀yìn sí: ẹja, àwọn tó ń gbé omi tó tún ń gbé ilẹ̀ bíi àkèré, àwọn afàyàfà, ẹyẹ, àti àwọn tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ògiri páànù ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó fi àwọn ẹja kéékèèké kan hàn mí tó ń fò lórí ẹrẹ̀, tí ojú wọn yọ gọngọ lókè orí, tí wọ́n ń fi lẹbẹ wọn rìn bí ẹni ń fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́. Ó ní, "Ẹja nìyí, ó ń rìn. Àrọ̀ tí màámi ń rà, ẹja ni, ó ń jáde wá mí atẹ́gùn. Ta ló wá ní kí wọ́n má dàpọ̀?" Ìbéèrè yìí náà ló gbé lọ bá Bàbá Àlájì, tí wọ́n jókòó síwájú ilé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà wọn. Àgbàlagbà tí wọ́n bí sí ilẹ̀ yìí kí ó tó di ìlú ni Bàbá Àlájì. Wọ́n mọ orúkọ gbogbo ohun tó ń rìn nínú àbàtà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àwọn baba wa ti rí ìyẹn tipẹ́. Àjàò kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Ọjọ́ tí eku bá ń ṣèpàdé, wọn kì í pè é. Ọjọ́ tí ẹyẹ bá ń ṣèpàdé, wọn kì í pè é."

Àǹtí Mọ́jí ní, "Ẹ̀yin bàbá, àwọn wo ló wá ń pè é?"

Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó ń pè é, ọmọ mi. Ìyẹn ló fi ń gbé inú ihò igi ní tirẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ìwé náà. Bàbá mi máa ń kó àwọn bébà tí wọ́n ti kọ ọjà sí lójú kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́, pé ká máa fi ẹ̀yìn wọn ṣe ìṣirò. Àǹtí Mọ́jí kó wọn jọ, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú gán wọn pọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ẹranko ayé mìíràn sínú rẹ̀. Ó ní láàárín àwọn ìràwọ̀ ni ayé náà wà, ó jìnnà débi pé ó máa ń rẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pàápàá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àìgbẹ lorúkọ tó sọ ọ́, nítorí òjò ibẹ̀ kì í dá, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í le, ohunkóhun tó bá fẹ́ gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń ṣe ẹja, ṣe àkèré, ṣe ẹyẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe àlọ́ ló ń pa o. Tí mo bá béèrè pé ṣé ẹranko náà ń sọ̀rọ̀, á bínú. Ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ.

Àkèréyẹ ló kọ́kọ́ dá, òun náà ló sì fẹ́ràn jù. Ó tó tòlótòló. Awọ ikùn rẹ̀ tutù ó sì ń yọ̀ bíi ti àkèré. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìyẹ́ olóròóró bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, tí omi òjò kì í dúró lórí rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà mí. Nínú omi, á ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á mí bí ẹja. Lórí ẹrẹ̀, á dùbúlẹ̀, awọ rẹ̀ á máa mí fún un bó ti ń sùn. Tó bá fò sókè, ẹ̀dọ̀fóró á gbà á lọ́wọ́ awọ. "Tí ọ̀kan bá dí," Àǹtí Mọ́jí ní, "méjì á kù." Ó ṣàlàyé fún mi pé yàrá méjì ló wà nínú ọkàn ẹja, mẹ́ta nínú ti àkèré, mẹ́rin nínú ti ẹyẹ àti ti èèyàn. Ti Àkèréyẹ jẹ́ márùn-ún. Yàrá karùn-ún ló ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tó kún fún èémí sí, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí àfi ọjọ́ ìnira. Ó ya ọkàn náà pẹ̀lú báírò pupa àti búlúù, ó fa ọfà sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde, ó pa á rẹ́, ó tún un yà nígbà mẹ́rin, nítorí ó ṣàkíyèsí pé bí òun ṣe kọ́kọ́ ya ilẹ̀kùn náà, ẹ̀jẹ̀ rere àti ẹ̀jẹ̀ burúkú yóò pàdé, ẹranko náà yóò sì kú.

Ẹyin rẹ̀ kò ní èèpo. Inú fóòmù ló ń yé e sí bíi ti àkèré. Bàbá ni yóò wá kó àwọn ẹyin náà sẹ́nu, bí ẹja épìà ti máa ń ṣe, tí kò ní jẹun títí wọn yóò fi pa. Tí wọ́n bá pa tán, wàrà á máa là bí òógùn lára awọ ikùn ìyá, àwọn ọmọ á sì máa lá a, nítorí ìyá náà kò ní orí ọmú. Ó tún dá Alángbẹja, tí ìpẹ́ rẹ̀ ń pa àwọ̀ dà, tí ìrù rẹ̀ bá já yóò tún hù. Ó dá Ejòlọ́mú, ejò onírun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ń bọ́ awọ àti irun pọ̀, tí oúnjẹ rẹ̀ sì jẹ́ ẹyin Àkèréyẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún Ejòlọ́mú ní oúnjẹ mìíràn. Ó ronú lórí rẹ̀ fún odindi ọjọ́ méjì. Ó wá ní, "Kò ṣeé ṣe, Rónkẹ́. Tí ohun kankan kò bá jẹ wọ́n, wọ́n á kún inú omi títí èémí ò ní tó wọn mọ́." Mo rí i pé ó dùn ún. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù, pé ẹni tó dá ayé kan kò lè ṣe é bó ṣe wù ú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Màmá Téga bí. Wáfì ni wọ́n ti wá, ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ wọn ń bá lọ, a kì í sì í rí i. Sítáàsì tí wọ́n ń rò ní ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyìn, òórùn rẹ̀ máa ń gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn kò sì jẹ ẹ́ rí láì bu tiwa sọ́tọ̀. Téga jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, orí rẹ̀ tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì mọ ibòmíràn tó lè dúró sí ju ẹ̀yìn mi lọ. Tí Màmá Téga bá ń lọ sí ọjà, wọ́n á ní, "Ronke, abeg, help me dey look my pikin," èmi á sì ní, "Yẹs, mà." Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ máa bá àwọn ẹgbẹ́ mi fo okùn, ẹni tó bá sì ní ìrù bíi Téga, wọn kì í gbà á sínú eré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìgbà kejì tí omi wọlé, mo yọ ìwé Àǹtí Mọ́jí lábẹ́ ẹní. Mo ṣí i síwájú Téga ní ẹ̀gbẹ́ kànga. Mo fi Àkèréyẹ hàn án, bàbá tó la ẹnu, tí àwọn ọmọ kéékèèké ń yọjú nínú rẹ̀. Mo ní, "O rí i? Inú àbàtà wa yìí ló ń gbé. Ọmọ tó bá ń tẹ̀lé èèyàn kiri ló máa ń kó sẹ́nu." Téga wo àwòrán náà pẹ́. Ó ní, "He go chop me?" Mo ní, "Á gbé ọ mì." Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn láti ọjọ́ náà. Kò tẹ̀lé mi mọ́. Mo fo okùn títí ọkàn mi fi balẹ̀. Ẹ wò ó, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe ààbò fún ọmọ ni mo fi dẹ́rù ba ọmọ, mo sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí mo ṣe é.

Ìgbà kẹta tí omi wọlé, ó tó ọjọ́ mẹ́rin kó tó fà. Korobá ń léfòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orí tábìlì la ti ń dáná, àkèré ń ké lábẹ́ ibùsùn wa. Ọjọ́ kejì tí omi lọ ni ibà mú Téga. Màámi fún un ní àgbo, Màmá Téga ra oògùn ní ṣọ́ọ̀bù, ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó tún gbóná. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, a gbọ́ igbe. Gìrì ti gbé e. Nígbà tí màámi gbé e dání, ojú rẹ̀ ti yí, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wí ohun kan náà léraléra: "Akereye. E don carry me for mouth. Mama, e don carry me for mouth." Gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló gbọ́. Èmi náà gbọ́. Wọ́n gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ó kù díẹ̀ kí oòrùn kàn wá lórí nígbà tí màámi padà, ìró wọn ti tú, ẹsẹ̀ wọn kún fún ẹrẹ̀. Téga ti kú. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ páálí ẹja, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìpẹ́, omijé ń kán sórí ọ̀bẹ.

Ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e ni Màmá Téga kan ilẹ̀kùn wa. Wọn kò sunkún. Wọ́n dúró bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà. Wọ́n bi màámi pé, "Iya Moji, wetin be Akereye?" Màámi kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ti mọ̀ ọ́n. Mo ti fi àwòrán náà hàn àwọn ọmọ mìíràn yàtọ̀ sí Téga. Kí ó tó di ọ̀sán Sọ́ńdè, ìwé náà ti wà lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, wọ́n ń ṣí i pẹ̀lú ìka méjì. Ẹnìkan ní ọmọ ẹgbẹ́ òkun nìkan ló lè ya irú èyí. Ẹnìkan ní kí wọ́n wo báírò pupa yìí, pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹnìkan béèrè ìdí tí ọmọbìnrin tí kò rí èémí mí fi ń kọ nípa ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn.

A péjọ sí àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá Àlájì jókòó lórí àga, bàbá mi dúró, Màmá Téga jókòó sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé àpótí fún wọn. Àǹtí Mọ́jí kúnlẹ̀ láàárín. Bàbá Àlájì bi í pé, "Mọ́jísọ́lá, ìwọ lo kọ ọ́?"

Ó ní, "Èmi ni, sà. Iṣẹ́ báọ́lọ́jì ni, sà. Ẹranko tí kò sí ni."

Màmá Téga ní, "If e no dey, how my pikin take know am?"

Ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi yíjú sí. Wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo máa ń wà pẹ̀lú Téga. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé tèmi, mo rí eruku funfun nínú ìlà iwájú orí wọn, èyí tí omi kì í fọ̀ tán. Wọ́n ní, "Rónkẹ́, má bẹ̀rù. Ta ló sọ fún Téga pé ẹranko yìí ń gbé ọmọ sẹ́nu?"

Mo wo Màmá Téga. Mo wo ọwọ́ wọn méjèèjì tó wà lórí ilẹ̀ ní òfìfo. Mo ní, "Àǹtí Mọ́jí ni."

Àǹtí Mọ́jí yíjú sí mi. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í há, mo gbọ́ bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe ń dún. Ó lè jẹ́ pé ìyẹn ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú, pé kì í ṣe èmi ló pa á lẹ́nu mọ́, àìsàn ni. Màmá Téga kò lù ú, wọn kò bú u. Wọ́n kàn wò ó, wọ́n ní, "You wey be pikin too," wọ́n sì fi orí lé orúnkún.

Bàbá mi sun ìwé náà nínú ààrò tí màámi fi ń dáná ẹja. Wọ́n ń ya á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi síná. Mo rí i pé wọ́n ń yí ipò padà bí atẹ́gùn ṣe ń yí, tí wọ́n ń fi ara wọn dí èéfín náà kó má baà dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Mọ́jí tó jókòó lórí àpótí, tó na ọwọ́ mọ́ orúnkún. Bàbá Àlájì ti wọlé. Wọ́n ti sọ fún bàbá mi kí wọ́n tó wọlé pé, "Mo mọ̀ pé ìwé ọmọ iléèwé ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó sin ọmọ lánàá, kí ni mo fẹ́ wí fún un?" Lẹ́yìn ọjọ́ náà, àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pe Àǹtí Mọ́jí ní Àkèréyẹ. Wọ́n da omi ìdọ̀tí lé e lórí nígbà tó ń bọ̀ láti iléèwé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí bàbá mi fi mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní títí gbogbo rẹ̀ á fi rọlẹ̀ ni. Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, ó kí màámi, ó kí àwọn ará ilé tó dá a lóhùn. Ó fọwọ́ kan orí mi bó ṣe ń kọjá. Mo wo ẹsẹ̀ ara mi.

Gbogbo rẹ̀ kò rọlẹ̀. Kò sí iléèwé girama nítòsí abúlé náà, wọ́n sì fi í síṣẹ́ aṣọ rírán. Èémí rẹ̀ dára sí i níbẹ̀. Kò sí sìmẹ́ńtì nínú atẹ́gùn wọn. Bàbá mi máa ń tẹnu mọ́ ìyẹn tí wọ́n bá lọ bẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n dé, pé, "Ó ń mí dáadáa, ó sanra," wọn á sì wọ ilé ìwẹ̀ lọ, wọn á pẹ́ níbẹ̀. Àwa méjèèjì ń rí ara wa ní ọdún, ní ìgbéyàwó, ní ìsìnkú bàbá, ní ìsìnkú màámi. A ń rẹ́rìn-ín. Èmi lọ sí yunifásítì, mo di olùkọ́. Kò sì sí ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè tó gún régé ní kíláàsì tí ara mi kì í bù máṣọ.

Màámi máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tèmi lọ ju ogún ọdún lọ, òótọ́ kò lé e. Èmi fúnra mi ni mo lọ pè é wá. Mo lọ bá Àǹtí Mọ́jí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ jẹun. Ó ń lọ aṣọ. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Àǹtí Mọ́jí, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo sọ fún Téga. Ẹ̀yin kọ́."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú náà dúró. Ó ní, "Dìde, eérú wà nílẹ̀ níbẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀."

Ó ní, "Rónkẹ́, mo mọ ohun tí mo sọ fún ọ àti ohun tí n kò sọ fún ọ. Mo ti mọ̀ láti àgbàlá lọ́jọ́ náà. Mo dúró dè ọ́ kí o tún un sọ. Mo dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Mo dúró ní ọdún àkọ́kọ́ níbí. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ pọ̀." Ó yí aṣọ náà sí apá kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́. Mo bi í bóyá ó ṣì ń rántí ọkàn oníyàrá márùn-ún. Ó ní òun kò rántí nǹkan kan nípa rẹ̀, mo sì gbà á gbọ́, nítorí kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn tó ti ká aṣọ náà tán ló wá bi mí pé, "Màmá Téga ńkọ́? Ṣé o ti sọ fún wọn?"

Mo ní rárá.

Ó ní, "Wọ́n ti gbà ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn pé ẹnìkan ló pa ọmọ wọn. Ibà ló pa á. Àwọn ló yẹ kí o kọ́kọ́ wá, kì í ṣe èmi."

Ọjọ́ kẹta ni mo lọ sí Ajégúnlẹ̀. Wọ́n ti wó ilé wa, ilé alájà méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n ti fi iyanrìn dí àbàtà náà, wọ́n sì kọ́lé lé e lórí. Ọmọ ọmọ Bàbá Àlájì kan, ọkùnrin tó ti ń hewú, ló jókòó síwájú ilé. Ó gbọ́ mi dáadáa. Ó ní òun rántí Màmá Téga díẹ̀, pé wọ́n ti padà sí Wáfì kí òun tó jáde níléèwé, pé òun mọ àwọn ará Wáfì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó lè bá mi wádìí. Ó mú báírò, ó wá bébà. Ó ní, "Kí lorúkọ wọn gan-an, Àǹtí?" Mo ní Màmá Téga la máa ń pè wọ́n. Ó ní, "Kò burú. Orúkọ ọmọ náà ńkọ́, ní kíkún? Téga yìí, ìdajì ni. Wọ́n máa ń gé e kúrú ni." Mo dúró níbẹ̀, mo ń wá a nínú orí mi, ọmọ tó tẹ̀lé mi kiri fún odindi ọdún kan. N kò mọ̀ ọ́n. N kò béèrè rí.